Ìwé Alága Afárá àti Ilé Ìgbẹ̀bí Tí Ẹ Fi Gbólóhùn Kan Bò Mọ́lẹ̀

Òpópónà Ilé Ìgbẹ̀bí,
Etí Odò.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìtàn Ìgbésí Ayé Àwọn Olórí,
Àjà Kejì, Ilé Ìkàwé Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE KỌ ÀRÍWÍSÍ SÍNÚ ÌWÉ ALÁGA AFÁRÁ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN UN ṢE KÍ Ẹ TÓ TÚN UN TẸ̀

Èmi ni agbẹ̀bí-àgbà ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìhà tiwa lódò, kí alága ìlú ìgbà náà, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alága Afárá, tó tì í pa. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ tún ìwé ìtàn rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìparí oṣù yìí. Bí ó bá jáde bó ṣe wà, ìwé yín ni yóò máa kọ́ ọmọ àbúrò mi pé ikú ìyá rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Alága ṣèlérí afárá. Ó ní bí afárá bá ti wà, kí ni a tún fẹ́ fi ilé ìgbẹ̀bí kékeré ṣe, nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá wà lódìkejì? Ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló tì wá pa, kì í ṣe ọdún tí iṣẹ́ parí. Láàárín méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn aboyún ń wọ̀, ọkọ̀ kì í sì í gbéra títí yóò fi kún. Mo dìde ní ìpàdé ìlú, mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé obìnrin yóò kú sí èbúté. Ó ní mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi ju ìlọsíwájú ìlú lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́ràn Alága débi pé òun ló ń bá wọn lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri àdúgbò.

Orí bẹ́ǹṣì èbúté ni àbúrò mi yẹn bímọ sí, níbi tí a ti ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ọwọ́ mi ni ọmọ bọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Oògùn tí a fi ń dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sọdá odò.

Nígbà tí ẹ ń kó ìwé náà jọ, akọ̀wé yín wá sí pálọ̀ mi, ó sì gba ẹ̀rí mi sílẹ̀. Ó gba ti awakọ̀ ojú omi tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Kí ló wá jáde? Ní orí tí ẹ ti ròyìn afárá, ẹ kò dárúkọ wa rárá. Ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ẹ gbá gbogbo àríwísí jọ sí bí ìdọ̀tí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ kọ ọ́ pé: "Àwọn kan ráhùn nípa ilé ìgbẹ̀bí kan tí wọ́n tì." Ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí kan náà ni ẹ ti rí ojú ewé méjì fún àhesọ pé símẹ́ǹtì afárá ni Alága fi kọ́ ilé alájà rẹ̀. Irọ́ ni. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n n kò ní bá yín purọ́ mọ́ ọn. Yàrá òkè ilé náà ni mo ti gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ju òkúta kan sódò fún iṣẹ́ afárá. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀. Kò lè gbàgbé, ẹsẹ̀ ni ọmọ náà mú jáde. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá, làpálàpá ọ̀hún kò sì sí lára ẹni tí ẹ ń fi oògùn pa.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín. Olóòtú yín, ọmọ tó mọ ènìyàn kí dáadáa, ní ìlànà yín ni láti fi gbogbo àríwísí ránṣẹ́ sí ẹbí olóṣèlú kí wọ́n wò ó, àti pé ẹbí ni kò fẹ́ kí ẹ̀rí mi gùn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ sáà wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin ni 'àwọn kan' yẹn." Mo dìde kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ kó ti ẹnu àgbà jáde.

Ilé Alága ni mo gbà lọ, mo sì múra ìjà lọ. Mo bá a ní fàráńdà. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ka ẹ̀rí mi fún un láti òkè délẹ̀, àwọn sì dá a padà láìyọ ohunkóhun. Alága fúnra rẹ̀ ní, "Èmi ni mo tì í kí afárá tó parí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló yọ ọ́?" Kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sá, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kò kàn lẹ ń sá fún un. Ìbẹ̀rù yín ni ẹ dì rù ẹbí ẹlẹ́bí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ní kí ọmọ àbúrò mi dìde ka ìwé yín sókè ní kíláàsì. Ó kà á dé ibi "àwọn kan", ó kà á kọjá. Nígbà tó délé, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ìyá tó bí mi wà lára àwọn tó ráhùn?" Mo ní rárá. Ìyá rẹ̀ kò ráhùn rí. Ó fẹ́ràn Alága títí tó fi kú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí lọ sí orí tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ afárá, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ pé agbẹ̀bí-àgbà ibẹ̀ ló sọ ọ́, kí ẹ sì fi kún un pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ó dùn mí. Ẹ kọ ẹ̀rí awakọ̀. Ẹ kọ èsì Alága bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ yọ àhesọ símẹ́ǹtì kúrò. Ẹ má sì bu afárá náà kù: ọ̀pọ̀ aboyún ló ti gbà á kọjá tó sì padà wálé pẹ̀lú ọmọ, èmi náà ń gbà á. Bí ẹ kò bá dá mi lóhùn kí ìwé tó dé ilé ìtẹ̀wé, n ó gbé àga mi wá sí àjà kejì, ẹnu ọ̀nà yín ni n ó sì jókòó sí.

Ẹ ó ti rí i pé n kò kọ orúkọ àbúrò mi síbí. Ó wà nínú ẹ̀rí tí akọ̀wé yín gbà sílẹ̀. Ìwé yín ni mo fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ti kà á, kó dìde dúró ní kíláàsì, kó sì kà á sókè.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ṣe é.

Èmi ni tiyín tí kò ní dákẹ́,

Agbẹ̀bí-Àgbà tó ti fẹ̀yìntì,
Ẹ̀gbọ́n olóògbé.