Àmì Abọ́ Màmá Lára Akígbe

Ọjọ́ Ajé, 29/4/96

Iléyá ti parí, ó ku èyí tó wà nínú ìkòkò. Bọ̀ọ̀dá Wàhábì, ẹ̀gbọ́n mi, padà sí Àpápá láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi wọn, Ayọ̀délé, ń kó sìmẹ́ǹtì lọ sí Gàbọ̀n. Ọmọ Ìgbó-Ọrà tí kò rí omi tó ju odò Ọ̀fìkì lọ kó tó gba ìwé mẹ́wàá — òun ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ohun ìdóòlà ẹ̀mí nínú ọkọ̀!

Lánàá, nídìí ẹran, ó ń fọ́nnu. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ àwọn, aláwọ̀ ìyeyè, kò ju fúláàsì ńlá lọ. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ̀rọ á léfòó, á máa ké sí sátẹ́láìtì lókè. Nọ́ńbà ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀, kí àwọn tó ń ṣọ́ òkun lè mọ ẹni tó ń ké. Èmi tí mo kàwé iná ní Pólì Ìbàdàn, tí mo wá ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Tówóbọ̀wò nílùú wa, mo sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Akígbe.

Ó ní òun ti fi ọ̀dà pupa kun àmì abọ́ Màmá sí i ní ìdí, kí wọ́n má baà jí i. Ìlà mẹ́ta, ẹ̀kán kan lábẹ́. Gbogbo abọ́ Màmá ló ní in. Bí wọ́n bá yá a lọ síbi ìnáwó títí dé Ìdèrè, ilé wa ló ń padà sí. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8/5

Kò sí iná. Kò sí epo. Kò sí oníbàárà. Ìjọba ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Jímọ̀, 17/5

Sàrátù, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Wàhábì, dé láti Èkó. Ojú ẹ̀ wú. Ayọ̀délé kò tíì dé Gàbọ̀n. Ilé iṣẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀. Mo bi í pé orí kí ni kó gbé ọkàn náà lé. Kò yẹ kí n ṣàwàdà.

Ọjọ́ Ajé, 20/5

Àpápá. Nílé iṣẹ́ tó ni Ayọ̀délé, wọ́n mú mi wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Gbogbo ohun tí mo bi í, "kò séwu" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Nítorí náà: Ọ̀gá Kò-Séwu. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa bíi pé òkú la jẹ́, tí wọn ò fẹ́ ká rà.

Mo ní, Akígbe ńkọ́?

Ó ní, "Kò séwu. Ó ké."

Ó ké! Sátẹ́láìtì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ Ayọ̀délé kọ́ ló pè. Edith ló pè.

Ọkọ̀ àwọn òyìnbó kan ni Edith, wọ́n ti gé e tà ní irin lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá gé ọkọ̀, wọ́n á ta ìfun inú rẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Kò-Séwu ra Akígbe ní tókunbọ̀, wọ́n gbé e sínú Ayọ̀délé. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀. Nígbà tó ké, ẹni tó ni Edith ni àwọn tó ń ṣọ́ òkun pè lórí fóònù. Ó ní Edith ti di irin, bóyá ẹnìkan ló ń fi ẹ̀rọ náà ṣeré níbi tí wọ́n ti gé e. Ibi méjì ni sátẹ́láìtì tọ́ka sí nígbà àkọ́kọ́, ọ̀kan lójú òkun, ọ̀kan lórí ilẹ̀. Wọ́n gba ti orí ilẹ̀ gbọ́. Wọn ò dúró kí sátẹ́láìtì tún yí ká, kó lè fi èyí tó jẹ́ òótọ́ hàn. Wọ́n lọ jẹun.

Ọ̀gá Kò-Séwu ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21/5

Mo sọ fún Màmá. Abọ́ ló ń fọ̀. N kò tíì sọ ọ́ débì kan tó ti yé e.

"Wọ́n ra abọ́ abọ́lábọ́, wọn ò ha àmì ẹ̀ kúrò. Àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

"Ẹni tó sọ pé abọ́ òun kọ́, wọn ò wá bi í pé ta ló wá tà á fún?"

Wọn ò bi í, Màmá.

Ó padà sídìí abọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló fọ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30/5

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Pólì yá mi ní kátálọ́ọ̀gì, ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Akígbe ti Ìlú Ọba, ti Nọ́wè, ti Jàpáànù. Oríṣiríṣi àwọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń yan góòlù. Òfin àgbáyé ló ní kí gbogbo ọkọ̀ ńlá ní in, ọjà bá gbóná. Níbi tí tuntun bá ti wọ́n, tókunbọ̀ á dé: láti etíkun Íńdíà níbi tí wọ́n ti ń gé ọkọ̀, títí dé Àpápá. Aṣàyẹ̀wò á wọlé, á wò ó. Ó wà? Ó wà. Ìyeyè ni? Ìyeyè ni. Ó dàbọ̀.

Mo ka kátálọ́ọ̀gì náà tán, ẹ̀yìn àti iwájú. Wọ́n kọ bí Akígbe ṣe wúwo tó, bí ó ṣe lè gba òtútù tó. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó máa wà nínú omi.

Jímọ̀, 7/6

Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́ọ̀mù wá béèrè bóyá ká ṣàdúrà fún òkú. Màmá ní, "Alùfáà, ti arìnrìn-àjò ni kí ẹ ṣe."

Ọjọ́ Ajé, 10/6

Mo lọ bá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ọkọ̀ tókunbọ̀ ní Àpápá. Mo ṣe bí oníbàárà. Mo kàn fẹ́ fojú kan ọjà náà ni, kí n lè bú u dáadáa. Màmá ti di gààrí àti ẹran díndín fún mi sínú abọ́.

Àlájì Mùkáílà gbé ọ̀kan jáde. "Àbúrò, gba èyí. Bátìrì tuntun ni mo fi sí i. Wọ́n ti dán an wò lójú òkun."

Ọ̀dà tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣí: EDITH ló wà lábẹ́, gàdàgbà.

Mo dojú rẹ̀ dé. Ìlà mẹ́ta. Ẹ̀kán kan.

Mo gbé abọ́ gààrí tì í, mo tọ́ka sí àmì ara rẹ̀. Àlájì wo èyí, ó wo tọ̀hún. "Ta ló ni abọ́?"

"Ìyá ẹni tó kun èyí."

Ó jókòó. Ó ní àwọn apẹja Ìlàjẹ ló gbé e wá. Ara ọkọ̀ rọ́bà kan tó ń léfòó lójú òkun ni wọ́n ti tú u. Kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Kò dárúkọ owó. Ó ṣáà ń sọ pé "Àbúrò, ẹ má bínú." Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11/6

Màmá fọ̀ ọ́. Ó gbé e sáàárín àwọn abọ́ tó sá sóòrùn lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé ó ṣì lè ké?"

Ó lè ké, Màmá.

"Kí ló máa wí?"

Pé Edith ń rì. Ní Ìgbó-Ọrà.

Ó ronú díẹ̀. "Wọ́n á sì tún pe ẹni tó ni ín?"

Wọ́n á pè é.

"Tàn án."

Mo tàn án. Iná funfun kékeré ń ṣẹ́jú nínú oòrùn. Sàrátù tẹ́ ẹní, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì í. Ó ń ké. A ń dúró de ẹni tó máa béèrè pé ta ni.