Ará Ìpótì Tí Kò Fèsì

Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí òtútù Kánádà ń bá fínra. Ní ọsibítù tí mo ti bọ̀, èmi ni ọ̀gá. Dókítà gan-an ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó wọlé. Ó dáa, irọ́ pọ̀ níbẹ̀: mi ò lè dá lọ tọ̀.

Kòkó wa ti ń pọ́n. Ara ìyá rẹ le. Òun ló ń fi ìrọ̀rí gbé mi ga, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ bíi tèmi kò gbọdọ̀ sùn gbalaja, èémí á há. Irin tó yẹ kó gbé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sókè ti kán.

Ògúnmọ́lá ará Ìpótì ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, àìsàn kan náà. Ẹ̀fẹ̀ la fi ń jí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ lọ wá oúnjẹ, Ògúnmọ́lá bá yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà ti ti aláìsàn mìíràn lọ ya fọ́tò àyà.

Mo fi ohùn ìlú rẹ̀ pe iyán, mo ní, "Ará Ìpótì, ṣé uyán lo tún ń jẹ lójú oorun?"

Kò fèsì. Mo ní mo ti borí rẹ̀ lónìí. Mo ń fi í ṣẹ̀sín lọ títí nọ́ọ̀sì fi dé, tó fi aṣọ bò ó lójú.

Bí mo bá dùbúlẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ara mi ni mò ń gbọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Bá wa wá ibi tí nọ́ọ̀sì ti pọ̀, ẹsẹ̀ mi tún ti ń wú. Mo ní kí ìyá rẹ sọ fún ọ pé dókítà ló ní kí n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa lọ. Mo sá ni.

Bàbá rẹ