Ohùn Yín Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Màmá

Bàbá mi tí mo máa ń sín jẹ,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ oníròyìn nílé ìwé. Tíṣà wa ní rédíò kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ká tó tẹ bọ́tìnnì pupa. Kálukú ni kó mú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá. Èmi ò ní. Mo bá ṣí àpótí iṣẹ́ káfíńtà yín, mo rí ọ̀kan lábẹ́ ayùn.

Ẹ ti ṣẹ́ rọ́bà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan míì lé e. Èmi ọlọ́gbọ́n wá lẹ bébà mọ́ ihò ibẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ wò, mo sín ọ̀gá ilé ìwé wa jẹ sínú rẹ̀, bó ṣe máa ń ránmú kí mẹ́gáàdì, "Sànnu, sànnu." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tíṣà pàápàá fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Màámi ń túlé.

"Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá ẹ sọ̀rọ̀ sí fún Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ dà? Sátidé ni mò ń gbé e lọ fún wọn o."

Bàbá, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ti pa rẹ́. Màmá tó bí yín ò mọ̀wé, ohùn lẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ò tíì rí awakọ̀ gbé èyí fún ní gáréèjì Jabi tí àkàbà fi yọ lẹ́sẹ̀ yín níbi iṣẹ́ ní Life Camp, tí ẹ ò sì jí mọ́. Kí lẹ sọ nínú rẹ̀? Ṣé ẹ dárúkọ mi?

Mo ní n ó tún un ṣe. Ṣebí mo mọ ohùn yín. Mo gbé rédíò yín, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Màmá, ẹ kú ilé o, Àjàní yín ni." Nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, ẹ̀yin gan-an ni.

Ni Ṣìfáwù àbúrò mi bá sáré wọlé láti ìdí ààrò, ẹ̀kọ lọ́wọ́. "Bàbá ti dé!" Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bùọ̀dá, níbo lẹ gbé wọn pamọ́ sí?"

Mo pa rédíò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Mo jẹ́wọ́ fún Màámi. Wọn ò nà mí, ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n kàn gbé rédíò sétí, wọ́n ń jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, níbi tí ariwo mi ò dé, ẹ̀yin ló kù: "Ó tó bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ gbọ́ ọmọ mi lẹ́yìn, ó ń ké bí ewúrẹ́." Ẹ wá rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ewúrẹ́ náà. Èmi ni.

Mo ti ya bébà yẹn kúrò. Èmi àti Màámi la jọ ń lọ ní Sátidé. Ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ohun tí mo ṣe fún Màmá, mi ò ní sín ẹnikẹ́ni jẹ.

Èmi ni,
ewúrẹ́ yín tó fẹ́ràn yín.