Bàtà Man-sik Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Hwa-yeon ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọbìnrin yín tó ń bọ́ eyín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Seoul níbẹ̀? Ọlọ́run tó dá bàbá rẹ sí lójú òkun fún ogójì ọdún á dá yín sí nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bá ọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ni mo ti ń gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilẹ̀ tí kò tíì kú.

Àwa náà wà. Aáyù ti yọ orí, ajá ti bí mẹ́rin, orúnkún mi sì wà bó ṣe wà, ó ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọlúàbí ni obìnrin inú rẹ̀, àràárọ̀ ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún mi. Mo bi í léèrè ṣé ó ti jẹun, ó ní kí n jọ̀wọ́ tún un sọ, ohun tí mo sọ kò yé òun. Mo mọ̀ pé ará Seoul ni, wọn kì í gbọ́ èdè apá ọ̀dọ̀ wa.

Pásítọ̀ Gil tí wọ́n gbé wá bá wa lọ́dún tó kọjá ní ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lè ṣe ìsìn nínú fóònù. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí orúnkún dè mí mọ́lẹ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo gbé fóònù lé orí tìmùtìmù, mo sì tẹrí ba níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọrin ni àwòrán àtàǹpàkò ń gòkè lójú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ní áà, mi ò mọ̀ pé àwọn tí kò mọ̀wé pọ̀ tó báyìí nínú ìjọ wa, gbogbo wọn ń tẹ̀ka. Èmi tí mo mọ̀wé, mo kọ orúkọ mi sórí bébà gàdàgbà, mo gbé e síwájú fóònù kí Pásítọ̀ lè rí i pé mo wá. Kò kí mi. Mo ti dárí jì í.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bae Man-sik ti kú, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí màá sunkún, wàá ní kí n dákẹ́, màá sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á wá kù sí mi nínú. Kà á tán.

O mọ Man-sik. Òun ló ń gbé ọ lé èjìká lọ wo bí wọ́n ṣe ń sá ewé òkun. Òun àti bàbá rẹ ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tí àyà bàbá rẹ dáwọ́ dúró, òun ló fi ọwọ́ kan tukọ̀ padà wálé, tó fi ọwọ́ kejì gbé orí bàbá rẹ mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù, tó sọdá lọ sí ìlú ńlá, tí òun sì dojú kọ ọtí.

Ìwọ náà sì mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí nígbà Pásítọ̀ Noh tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà kọjá ìloro. Ilẹ̀ la ń jókòó sí, ọkùnrin lápá òsì, obìnrin lápá ọ̀tún, ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu á jáde lọ wú u níta. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti ọdún mọ́kànlélógún, èmi ni mò ń to bàtà, tí mò ń kọjú wọn síta kí ẹsẹ̀ lè bọ́ sínú wọn wẹ́rẹ́ tí ìsìn bá parí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń sọ pé tí a bá ń bọ́ bàtà wọ ilé èèyàn lásán, ti Ọlọ́run ńkọ́?

Ìgbà òtútù tó kẹ́yìn Pásítọ̀ Noh, ní àdúrà ìdájí ọjọ́ kan, Man-sik dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Bàtà rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́ etí òkun ló wọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó díẹ̀. Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó wo bàtà, ó wo mí, ó ní, Ìyá Hwa-yeon, bàtà yìí ṣòro láti bọ́. Mo rò pé ọtí ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní, Man-sik, ilé Ọlọ́run nìyí, lọ wẹ̀, jẹ́ kí ọtí dá lójú rẹ, kí o wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Mi ò pariwo mọ́ ọn o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bóyá ìyẹn gan-an ló wá burú jù. Ó tẹrí ba, ó ní kí n má bínú, ó sì yí padà sínú òtútù. Èmi wọlé, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lágbára láti ṣọ́ ilé rẹ̀.

Kò wá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá ni Pásítọ̀ Gil dé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sòkòtò jíǹsì ló wọ̀ lọ wàásù. Ó ní orúnkún àwọn àgbà ń jìyà, ó kó àga wọlé. Ó ní kí oníkálukú wọ bàtà rẹ̀ wọlé. Ó gbé kọfí sẹ́yìn, ó gbé ìlù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù síwájú, ó sì ń dẹ́rìn-ín pa wá kó tó ṣí Bíbélì. Alàgbà Pyo dìde lọ́jọ́ kan, ó bi í léèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì nibí àbí ibùdókọ̀. Pásítọ̀ tẹrí ba, ó ní, Bàbá, àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ náà ń wá ibi tí wọ́n máa lọ ni. Inú Alàgbà ò dùn sí èsì yẹn, ó lọ sílé, kò padà wá mọ́. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ló ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá rẹ̀, tó ń kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń dá orin kọ. Tí ìlù bá dákẹ́, à ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ, o ní bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì tiyín rí, ẹ ń di kọfí mú, ẹ ń di Bíbélì mú. Mo ní ọwọ́ wo ló wá kù tí ẹ fi ń gbàdúrà. O rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ni mo fi ṣe.

Pásítọ̀ yìí máa ń lọ jókòó ti Man-sik létí òkun, wọ́n á jọ máa tún àwọ̀n ṣe. Ìgbà tó di ìgbà ìwọ́wé, Man-sik bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìdí ilẹ̀kùn ló ń jókòó, nínú bàtà rọ́bà yẹn. Mi ò bá a jà, àmọ́ mi ò kí i dénú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, nígbà tí wọ́n ń mu kọfí, mo mú àkísà, mo sì ń nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ báyìí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí n lè nu abẹ́ rẹ̀. Ó ní, ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Hwa-yeon. Mo ní hẹ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìloro. Nínú gbogbo ìjọ, òun nìkan ló bọ́ bàtà. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé, inú mi sì dùn, mo ní ó ti kọ́gbọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òórùn náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá di ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú ìbọ̀sẹ̀, omi egbò ń jáde níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń fa àga wọn síwájú díẹ̀díẹ̀. Èmi náà fa tèmi, ọmọ mi. Ó ká ẹsẹ̀ náà sábẹ́ àga bí ọmọdé tó jalè.

Àtọ̀gbẹ ni. Ó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kò sọ fẹ́nì kan. Pásítọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ májèlé egbò náà ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Mo gbé ọbẹ̀ ewé òkun lọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, oorun ló ń sùn nígbà méjèèjì, mo sì gbé e padà. Mi ò jí i. Mo ní màá sọ ọ̀rọ̀ mi nígbà tó bá gbádùn.

Ní ìsìnkú rẹ̀, Pásítọ̀ gbé gìtá, ó ní kí a kọrin ayọ̀, kí ẹni tó bá ní ìrántí tó dùn nípa Man-sik sọ ọ́. Gìtá náà nìkan ló ń dún bí omi tó ń kán sínú agolo, ojú wá ń ti Pásítọ̀, ọmọ ọlọ́mọ. Ibẹ̀ la wà tí Alàgbà Pyo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, ó rìn dé ìdí pósí, ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde, ó sì gbé orin àwọn àgbà tí a fi sin bàbá rẹ. Gbogbo wa ń bọ́ bàtà lábẹ́ àga lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ. Pásítọ̀ náà bọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ lẹkún ti já.

Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi ní bébà tí wọ́n ń fún àlejò kọ. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí nígbà tí Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ní kí gbogbo ìjọ kọ ọ́, níbi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kọ pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo gba ẹ̀yìn oko aáyù. Ti Man-sik lèyí. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé ta ló pè ọ́ wá, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ pé, Ìyá Hwa-yeon ni, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo lé e, ọmọ mi, òun rò pé mo pè é ni.

Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà mọ́. Ká ní bí Pásítọ̀ Gil ṣe ń ṣe là ń ṣe láti ìdájí yẹn, bóyá ẹnì kan ì bá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì ṣeé wò. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a sin ín, orin ayọ̀ tí Pásítọ̀ Gil mú wá kò gba ẹkún wa. Mo sọ fún un pé mi ò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́, kó wá ẹlòmíì. Ó ní, Mọ́mì, ẹ má lọ, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi sì ń bẹ̀rù ìloro yẹn báyìí, mo ń bẹ̀rù ìró ẹsẹ̀ tó bá ń bọ̀ níbẹ̀.

Tí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra epo tó ń mú ilẹ̀ ilé gbóná, kí n sì fi kọ orúkọ Man-sik sí òkúta, nítorí kò sí ará ilé tó yọjú. Fi í rán ẹni tó ń bọ̀, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn ní kí n fi nọ́ńbà àṣírí mi hàn, mo fẹnu sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́, kò fún mi ní kọ́bọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló sì gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ọmọ yín á dàgbà lójú yín, kò ní sí egbò tí ẹ máa dá gbé nínú òkùnkùn. Mo ti ń gbàdúrà fún ọ láti ìgbà tí o wà nínú mi. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, jọ̀wọ́, ìwọ ni kí o gbà á fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kwon Bun-rye