Orúkọ Tí Mo Kọ Ṣáájú Tèmi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà, 1992

Bọ̀dá Láńre dà mí lónìí, àwọn tí mo ń pè ní ẹbí mi ní Joburg.

Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ohun tí ìyá kó sínú ẹyin nìkan ni ọlẹ̀ èkúté ń lò títí yóò fi pín sí méjì. Èmi ni mo rí jíìnì kan, ti ọlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, tó ti jí kí ó tó pín. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù! Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo yàrá ìwádìí, Bọ̀dá ní àwọn ni àwọn rí i.

Nígbà tí mo ní iṣẹ́ mi ni, wọ́n na ìwé àkọsílẹ̀ wa sókè. "Àbúrò, orúkọ ta ló ṣáájú?"

Tiwọn ni. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́. Ta ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú ti àgbà? Ọ̀gá òyìnbó tó ni yàrá ìwádìí wò ó, ó ní ó ti yé òun. Kí ló yé e?

Mo gbàgbé síkáàfù mi síbẹ̀, nínú òtútù oṣù Kẹfà ti ibí yìí...

Nírọ̀lẹ́, mo bá Bọ̀dá níbi robot, iná ojú pópó, ní Doornfontein, wọ́n ń dúró kí iná yí padà. Mo ti búra pé n ò ní kí wọn. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí.