Wọ́n Ti Wò Mí Sàn, Wọn Ò Jẹ́ Kí N Lọ

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n dì bí ògiri kò jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ náà pé. Ẹ gba ìdajì ná. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí àwọn àbúrò mi. Mo kí Àǹtí Bùnmi tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Àǹtí, ẹ má fo ibì kankan o, mo mọ̀ yín! Ẹni tó bá wà nítòsí, kó wá bá wọn gbọ́.

Ọ̀gá mi ti sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀. Ohun tí kò sọ ni pé dókítà ti ní kí n máa lọ sílé. Mo ti di ẹrù mi. Ni mátírọ́nì bá ní ilé wo? Ó ní ẹni tí kò tíì sanwó kì í kọjá géètì. Owó àkọ́kọ́ ni ọ̀gá mi san, ó ní ìyókù di ti ẹbí. Mi ò ṣàìsàn mọ́, Màámi, mo kàn wà níbí ni. Bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò jẹ́ kí n kúrò lórí rẹ̀, wọ́n tún ń gba owó rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé, akọ̀wé bi mí bóyá mo ní inṣọ́ránsì. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní mọ́tò ni mo mọ̀ tó ń ní in. Mọ́tò tó ti kú tí à ń tú ní ọjà wa, ẹ máa bá ìwé inṣọ́ránsì nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni mi ò ní.

Òjò ń rọ̀ ní Múṣin, ojú fèrèsé onírin ni mo ti ń wò ó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi kì í wá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ dá àwọn náà dúró.

Ìyá Ìkókó kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Òun náà kò rí owó san. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, obìnrin yìí sì ń sunkún pé ọmọ òun kò ní jẹ́ orúkọ nínú àhámọ́. Àwọn àna rẹ̀ gbé oyin àti iyọ̀ wá, géètìmáànù ní ohun jíjẹ aláìsàn nìkan ló ń wọlé.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń sín èèyàn jẹ. Dókítà wa máa ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, á wá máa sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo húkọ́, mo ní kí géètìmáànù wá gbé gáàsì lẹ́yìnkùlé kíákíá. Ó dáhùn pé yẹsà, ó sáré. Ìyá Ìkókó fa ìró bo ọmọ, ó ti lọ. Èmi? Orí àtẹ̀gùn ni géètìmáànù bá mi. Ó kàn gba ọ̀pá tí mo fi ń rìn.

Mátírọ́nì ní kí n sín òun náà jẹ. Mo ṣe é, gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, òun gan-an nu omijé. Ó wá ní kí wọ́n kọ owó obìnrin náà mọ́ tèmi.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ nílé baba rẹ̀.

Mo tún gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ ìlọta yín láti fi san owó yìí. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Òun ló ń bọ́ àwọn àbúrò mi. Ẹ̀yin àti Bàbá Àgbà ni kẹ́ ẹ wá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ tí mo bá padà síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọ̀gá mi lórí fóònù pé kí ẹ tà á, ẹ má dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ èmi ni, lọ́jọ́ tí ibí bá sú mi jù.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, iná ẹ̀rọ yín kò ní kú. Ẹ bá mi kí gbogbo ojúlé.

Èmi ni ọmọ yín tí ara rẹ̀ ti yá,
Kọ́lá.