Fabrice, Àgbàdo Rẹ Ṣì Wà Lórí Iná

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Fabrice àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta! Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ẹkún ṣe ìrántí òkú wọn. Èmi Espérance ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ̀rín ni mo gbé wá lọ́dún yìí, nítorí ọwọ́ ti tẹ ọ̀tá rẹ.

Ẹniọlá ọmọ rẹ ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ní Massè ti gba páànù. Àdùnní ìyàwó rẹ kò tíì bọ́ òrùka rẹ. Ẹmu tèmi ṣì ń tà.

Ṣùgbọ́n Marcellin! Marcellin, olùkọ́ ìtàn tí ẹ jọ ń kọ́ni, tó máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí o ń fi fóònù ya fídíò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí o ń fi wọ́n ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí àwọn ọmọ tí iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí wọ́n wá sí kíláàsì. Ó ní fóònù kì í kọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ, ó sunkún ju ìyá wa lọ, ó gba fóònù rẹ lọ́wọ́ Àdùnní, ó ní òun fẹ́ yọ fọ́tò rẹ. Fọ́tò kọ́ ló yọ. Gbogbo fídíò rẹ ló kó, ó pa wọ́n rẹ́ kúrò níbẹ̀, ó yọ ohùn rẹ, ó fi tirẹ̀ sí i, ó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ìlú. Ọwọ́ rẹ ṣì hàn níbẹ̀, Fabrice! Àpá àdá tó wà ní àtàńpàkò rẹ, èmi ni mo fi ewé dì í nígbà tí o wà lọ́mọdé. Mo wí, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń da orí mi rú. Mo bá ń dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Mo mọ ohun tí olè kò mọ̀. O kì í ya fídíò kan láìfi irọ́ kan sí i. Ọmọ tó bá rí irọ́ náà ni yóò jẹ àgbàdo sísun rẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni o tó máa ń fi ohùn nìkan ránṣẹ́ sí wọn láti ṣe àtúnṣe irọ́ náà. Marcellin kó fídíò, kò gbọ́ àtúnṣe.

Lóṣù tó kọjá, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi í ṣe olórí ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí ó wá kọ́ni ní gbangba, kí wọ́n tó fi ipò náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ẹmu ló mú, èyí tí èmi àti ìwọ jọ ṣe: a fi rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí bo ẹnu ìgò ẹmu, rọ́bà wú. Irọ́ tìrẹ ni pé oksijẹ́nì, afẹ́fẹ́ tó ń mú iná jó, ló mú un wú; afẹ́fẹ́ tó ń pa iná ni ní tòótọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti wá ra ẹmu? Ọ̀dọ̀ mi! Mo fún un ní èyí tó ń hó jù. N kò kìlọ̀ fún un. Mo ránṣẹ́ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àtijọ́ ní Massè pé kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn.

Rọ́bà wú, Marcellin náà wú. Ó ní oksijẹ́nì ni, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí i, bí ẹni ń ka rósárì. Ni Ọláyínká, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ, bá dìde, ó ní tó bá jẹ́ oksijẹ́nì ni, iná á ràn sí i. Ó yọ rọ́bà kúrò, ó ṣá ìṣáná, ó tì í bọ ẹnu ìgò. Iná kú. Ó ṣá òmíràn, ó tún kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn bá pariwo: “Irọ́ Prof Fabrice nìyẹn! Àgbàdo wa dà?”

Aláṣẹ kan bi Marcellin pé ta ni Fabrice. Àwọn ọmọ ló dáhùn pé ìwọ lo ni gbogbo fídíò náà. Háà, ká ní o rí ojú Marcellin! Mo ti sun àgbàdo kún apẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀, mo gbé e sábẹ́ àga mi. Mo pín in fún àwọn ọmọ. Mo fún Marcellin ní èyí tó jóná jù, mo sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n ní kó dá gbogbo fídíò rẹ padà, ojúlówó tí ohùn rẹ ṣì wà nínú rẹ̀, tó fi pamọ́ sọ́wọ́; ó dá wọn padà lójú wa. Fadá ní kí n dárí jì í. Mo ní mo gbọ́, mo ń wá àyè.

Láàárọ̀ yìí, Ẹniọlá tẹ ẹ̀kọ́ ẹmu náà, ohùn rẹ jáde: “Ẹ wá irọ́ mi rí o!” Ẹ̀rín tí mo gbé wá bá di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti gbẹ̀san tán, Fabrice, o kò sì wálé.

Àárò rẹ ṣì ń sọ wá. A ṣì fẹ́ràn rẹ. Àgbàdo tìrẹ wà lórí iná, kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́.